Wáyà Ajá Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ Ni Wọ́n Fi Lé Ìyá Jáde Nílé

Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, nítorí mi ò mọ ẹni tí mo tún lè sọ ọ́ fún mọ́. Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe, mò ń fa iná sínú ilé, Òkòkómáìkò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mi ò jalè, mi ò pànìyàn. Iṣẹ́ tí wọ́n pè mí sí ni mo ṣe, mo sì ṣe é dáadáa... àní bí mo ṣe ṣe é dáadáa yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú yàrá kan ní Ìjànìkín báyìí tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi, èmi nìkan ló sì kù tó lè jẹ́rìí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì jẹ́rìí náà. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀gá kan wà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Èkìtì ni, ó kọ́lé sí Ìbà àmọ́ kò tíì mọ odi yí i ká. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Tíṣà, ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Adó-Èkìtì, ibẹ̀ lòun àtàwọn ọmọ ń gbé, ìgbà ọlidé nìkan ni wọ́n máa ń wá. Ẹni tó ń bá ọ̀gá gbélé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó ni, kò bímọ. Ìyá ni èmi ń pè wọ́n. Ọ̀gá ní ajá ńlá kan tó ń jẹ́ Bingo, ìṣòro Bingo ni pé kì í gbélé. Á sáré lọ sójú títì, á máa lé ọlọ́kadà, á wọ ilé aládùúgbò, á lé adìyẹ wọn kiri. Ẹ sì mọ àdúgbò wa, ajá tó bá ń rìn gbéregbère, inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn ló máa bá ara rẹ̀. Ọ̀gá ò fẹ́ kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, ó ní ajá tí wọ́n bá ń so máa ń ya òǹrorò.

Ìgbà náà ni ibi iṣẹ́ wọn rán ọ̀gá lọ kọ́ nǹkan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé páálí kan bọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, bẹ́líìtì kan tí wọ́n ń dè mọ́ ajá lọ́rùn, àti wáyà. Wọn yóò ri wáyà náà mọ́lẹ̀ yí àgbàlá ká, ara ẹ̀rọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ara ẹ̀rọ náà ni yóò sì parí sí. Bí ajá bá ti ń súnmọ́ ibi tí wáyà gbà, bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ á kọ́kọ́ ké bíi ti ìrẹ̀, bí kò bá padà, iná díẹ̀ á ta á lọ́rùn. Kò lè pa á o, kò ju ìgbà tí tanpẹ́pẹ́ bá géni jẹ lọ. Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà ò ní rí okùn, kò ní rí ọgbà, ajá á kàn dúró sí àgbàlá ni. Èmi tí mo jẹ́ rewáyà, nígbà tí ọ̀gá kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Wáyà inú páálí yẹn tín-ín-rín, kò sì tó yí ilé ká. Èmi àti ọ̀gá jọ lọ sí Alábà. Ọmọ Ìgbò tó ń ta wáyà kó oríṣiríṣi síwájú wa. Ó mú èyí tó rọ̀, tó jẹ́ fọ́nrán wẹ́wẹ́, irú èyí tó wà lára rédíò, mo ní rárá, ilẹ̀ Ìbà kì í gbẹ bọ̀rọ̀, omi á ti jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí po. Ó mú èyí tó funfun bíi ṣíbí, tó fúyẹ́, mo ní ìyẹn á ṣẹ́ níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Kọ́pà tó nípọn, tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú awọ líle, ni mo mú. Ó ní dúdú, ó ní pupa. Dúdú ni ọ̀gá fẹ́. Èmi ni mo ní kí a ra pupa, pé bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ọkọ́ tulẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, á tètè rí i, kò ní gé e. Èmi ni mo yan pupa... mo ń tún un sọ nítorí pé lójoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé kí ló ṣe mí tí mi ò jẹ́ kí ọ̀gá ra dúdú wọn.

Bí mo ṣe ri wáyà náà nìyí. Mo gbẹ́ ilẹ̀ kò jìn, mo tẹ́ ẹ sínú rẹ̀ yí ilé po. Apá tó ti ara ògiri jáde lọ bá èyí tó yí ilé ká, ọ̀gá ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, ó ní kí n ṣe é ní méjì kí n sì lọ́ ọ pọ̀ dáadáa, pé bí a bá ti lọ́ ọ pọ̀, agbára rẹ̀ á kú níbẹ̀, ajá á lè kọjá lórí rẹ̀ láìfarapa. Mo lọ́ ọ, ó dì bí irun kíkó. Wáyà ọjà ò gùn tó, ó di dandan kí n so ó pọ̀ láwọn ibì kan, ibi ìsopọ̀ yẹn lomi sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ nínú ilẹ̀. Mo lọ tọrọ ike dúdú kékeré tí fíìmù máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ onífọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ki ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú ike, mo yọ́ àbẹ́là dà sí i títí ó fi kún, mo dé e pa. Mo jẹ́ kí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí igun ilé, kí ó lè rọrùn láti wá rí bí nǹkan bá bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é o. Láti Ìyànà Ìbà títí dé Ìjànìkín, mi ò mọ rewáyà tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ ajá ní ibi tí ààlà wà. Ìwé yẹn ní kí a ri igi kéékèèké mọ́lẹ̀ níbi tí wáyà gbà, kí a so aṣọ funfun mọ́ ọn, kí a máa fa ajá yípo láràárọ̀ títí tí á fi mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ kọjá aṣọ. Ọ̀gá kì í sí nílé láàárọ̀, ìdájí ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ló gbà á ṣe. Wọ́n fa aṣọ ìbora wọn kan tó ti gbó ya, wọ́n so ó mọ́ igi, kí oòrùn tó yọ wọ́n á ti máa fa Bingo yí ilé ká, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ohùn Èkìtì wọn pé padà, padà sílé, má kọjá ibí. Ajá náà sì mọ̀ ọ́n. Mo fojú ara mi rí ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, Bingo sáré dé ibi aṣọ, ó dúró, ó ń gbó láti ibẹ̀. Inú Ìyá dùn jù mí lọ lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ tí mo fi rí iṣẹ́ ilé ńlá kan ní Ṣàgámù, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo lọ. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Iná tó wá pẹ̀lú agbára lọ́jọ́ kan jó ẹ̀rọ ara ògiri, ọ̀gá gbé e fún ẹnìkan tó ń tún rédíò ṣe, ẹni náà sì kó kúrò ládùúgbò láìdá a padà. Bingo mọ̀ pé nǹkan kan ò ké mọ́ lọ́rùn òun, ó jáde lọ tòun ti bẹ́líìtì, wọn ò rí i mọ́ títí dòní. Wáyà nìkan ló kù nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, wọ́n sì gbẹ́mìí mì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é.

Màmá Tíṣà kó àwọn ọmọ wá sí Ìbà láti máa gbé ilé ọkọ wọn. Kò pẹ́ sí i ni gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn kejì. Wọ́n gbé e lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan lápá Àjàngbádì, wòlíì ní òun rí okùn pupa tó yí ilé wọn ká. Mi ò mọ bí wòlíì ṣe mọ̀. Bóyá òjò ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò níbì kan tí ọmọ kan sì ti rí i, tó sì sọ ọ́ létí ẹnìkan. Mi ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ ṣẹ̀ sí Ọlọ́run.

Báwo ni mo ṣe wá gbọ́? Nígbà tí mo padà sí Òkòkómáìkò, ẹnìkan mú mi lọ bá obìnrin kan ní Ìbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, tó fẹ́ iná sẹ́nu géètì. Mo débẹ̀, ilé ọ̀gá ni. Màmá Tíṣà ò mọ̀ mí rí, Adó-Èkìtì ni wọ́n wà nígbà tí mo ri wáyà yẹn. Wọ́n ní gbogbo wáyà gbọ́dọ̀ gba ara ògiri, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ wọ inú ilẹ̀. Mo fi àìmọ̀kan béèrè pé kí ló dé. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn ará ìjọ tú ilẹ̀, wọ́n rí okùn pupa náà lóòótọ́, pé apá kan rẹ̀ wà tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí ẹni ń lọ́ ẹ̀mí ènìyàn, pé igo dúdú kékeré wà ní igun ilé tí wọ́n fi àbẹ́là dí, wọ́n sì di okùn ní kókó sínú rẹ̀. Aládùúgbò kan jáde, ó ní òun máa ń rí Ìyá ní ìdájí tí wọ́n ń yí ilé ká láàárín aṣọ funfun, tí ẹnu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá sunkún, wọ́n ní ti ajá ni. Àwọn ará ìjọ ní ajá wo? Kò sí ajá kankan nílé mọ́. Wọ́n ní báwo ni wáyà tó wà nínú ilẹ̀, tí kò kan ajá, ṣe ń so ajá mọ́lẹ̀? Ìyá ò lè ṣàlàyé. Ṣé ẹ̀yin náà á gbà wọ́n gbọ́? Ìyá ní kí wọ́n lọ bi rewáyà tó rì í ní Òkòkómáìkò, wọ́n ránṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi tí mo tì pa ni wọ́n bá. Wọ́n fi Ìyá sínú ààwẹ̀ àti àdúrà títí Ìyá fi sọ pé àwọn gbà pé iṣẹ́ àwọn ni. Wọ́n dáná sun wáyà mi, wọ́n kó ẹrù Ìyá síta, àwọn ẹbí ní Èkìtì sì ránṣẹ́ pé kí Ìyá má padà wá sílé.

Màmá Tíṣà ò sọ ọ́ bí ìkà ènìyàn. Wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà gìrì ò mú ọmọ yẹn mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n bu oúnjẹ wá fún mi. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ní Ìyá ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀, àwa méjèèjì la jọ fi okùn yẹn pa ọ̀gá. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan o. Mo wo obìnrin yẹn, mo rí i pé ó ti rí ibi tó gbé ikú ọkọ rẹ̀ lé. Tí mo bá gbà á kúrò níbẹ̀, ibo ló fẹ́ gbé e lé? Mo parí iṣẹ́ géètì, mo lọ sílé. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ lọ́ wáyà méjì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, màá gbé e sílẹ̀, màá tún gbé e. Tí ìrẹ̀ bá ké lẹ́yìnkùlé, mo máa ń wò yíká bóyá màá rí ajá. Ìyàwó mi rò pé wọ́n ti sà sí mi ni.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo wá Ìyá lọ sí Ìjànìkín. Wọ́n ń bá àwọn tó ń ṣe gààrí bó ẹ̀gẹ́, ohun tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. Wọ́n dá mi mọ̀ kí n tó kí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ṣépè fún mi, tàbí kí wọ́n gbá mi láṣọ mú pé ká máa lọ sí Ìbà lójú ẹsẹ̀, àní mo ti múra sílẹ̀ pé màá bá wọn lọ. Wọ́n bu omi fún mi. Wọ́n wá bi mí pé, rewáyà, ṣé ó dá ẹ lójú pé ti ajá ni wáyà yẹn?

Ẹ gbọ́ mi o. Ìyá fúnra wọn ló ń bi mí. Wọ́n ní nígbà tí ará ìjọ bi àwọn léèrè títí, àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Pé ẹnu àwọn ló ń sọ̀rọ̀ yí ilé ká láràárọ̀, ọwọ́ àwọn ló fa aṣọ funfun ya. Pé inú àwọn bí sí àbúrò àwọn nígbà kan, nítorí ó ní kí àwọn lọ sinmi ní Èkìtì. Pé bóyá nǹkan kan gba ẹnu àwọn jáde tí àwọn ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn máa ń bẹ òkú àbúrò àwọn pé kó dárí ji àwọn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti Alábà títí dé orí àbẹ́là, mo búra. Wọ́n ń mi orí sí mi bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, wọ́n ní mo ṣeun, ọmọ dáadáa ni mí. Wọ́n ò gbà mí gbọ́.

Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n lọ bá Màmá Tíṣà, kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo rì, kí ọkàn wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, kí ara ọmọ sì tún máa kó wọn láyà sókè? Ṣé kí n lọ bá ẹbí ní Èkìtì ni? Ta ló máa gbà mí gbọ́, nígbà tí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ajá yẹn ò gbà mí gbọ́ mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, ẹ kàn sọ fún mi, nínú gbogbo wọn, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀ kó gbà pé Ìyá kì í ṣe àjẹ́: ẹni tó lé Ìyá jáde ni, àbí Ìyá?