Àwọn Ọ́sítà Tí Ẹ So Sábẹ́ Pákó

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn, ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́ jù, mo sì ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí mi ò rí ẹni bá sọ.

Àwọn ọ́sítà yín ti sanra nínú ìkarahun wọn. Àwọn okùn tí ẹ fi sín ìkarahun àtijọ́, tí ẹ so sábẹ́ afárá pákó wa létí omi Ajégúnlẹ̀, ni mò ń wí. Àwọn kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ wọn kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí omi bá ti fà, mo máa ń jókòó wò wọ́n. Èmi nìkan náà ni.

Láràárọ̀ ni Màmá Ẹ̀fẹ́, ará yàrá kejì, máa ń kígbe sí mi: “Make we chop am, e don fat!” Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń ní ó di ọ̀la. Bàbá, ó wù mí jẹ. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sè é fúnra yín tí ẹ bá ti wọ́ọ̀fù Àpápá dé? Ẹ ó fi èékánná kan ìkarahun. Èyí tí kò bá pa ẹnu dé ti kú nìyẹn, ẹ ó jù ú sómi, ẹ ó sì kí i pé ó dìgbóṣe. Èyí tó bá kọ́kọ́ jinná, tèmi ni.

Rédíò ló dá mi dúró. Ọkùnrin kan ń ṣàlàyé pé ọ́sítà kì í wá oúnjẹ kiri. Omi ló ń fà mu, tó ń sẹ́, tó sì ń tú jáde ní mímọ́. Mo rántí báàfù yín. Ẹ ó da omi ẹrẹ̀ sí i láàárọ̀, ẹ ó kó ọ́sítà sí i. Kí n tó ti iléèwé dé, mo ti lè rí ìsàlẹ̀ báàfù. Mo ní ẹ pààrọ̀ omi ni, a sì jiyàn rẹ̀ títí.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ló ń tú jáde. Epo ọkọ̀ máa ń jókòó sínú ẹran rẹ̀, sísè kì í sì í yọ ọ́. Mo wo omi wa, pẹ̀lú epo tó ń dán lójú rẹ̀ láti apá Kírìkírì, àti ohun tí gbogbo àdúgbò ń dà sí i. Mo rántí aṣọ tí màmá fi ń sẹ́ ògì. Ta ló ń jẹ asẹ́?

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé látìgbà tí àwọn táǹkì epo ti pọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ ò fi ọ́sítà sínú àwo mi mọ́. Ẹ ní oúnjẹ àgbà ni. Mo máa ń fajú ro, mo ní ogbó ti sọ yín di ahun. Nígbà tó yá, ẹ̀yin náà ò jẹ ẹ́ mọ́, ẹ ní eyín ń dùn yín. Síbẹ̀ ẹ ò yéé so okùn. Ṣé ẹ mọ̀ ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé èyí tí ẹ ti jẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń run yín nínú lọ́jọ́ ìkẹyìn? Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Lánàá, mo mú ọbẹ kékeré yín, mo fa okùn kan sókè. Mo kan èyí tó sanra jù. Ó pa ẹnu dé. Mo jókòó sórí pákó, mo sunkún. Àárò yín ló ń sọ mí, Bàbá, kì í ṣe ti ẹran. Mo dá okùn padà sómi.

Màmá Ẹ̀fẹ́ pòṣé nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní òun ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, òun ò kú. Kò ké sí mi láàárọ̀ yìí.

Mo sín àwọn ìkarahun tí ẹ kó pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́ okùn tuntun, mo sì so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí àwọn ọ́sítà mìíràn lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n máa bá wa sẹ́ omi. Omi ò tíì mọ́. Mi ò sì jẹ wọ́n.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fẹ́ràn, tí ẹ fi ọ́sítà dù.