Àpótí Ìwé Wà Lórí Òṣùwọ̀n

Sí ọmọ mi àgbà, tó wà ní ìlú ńlá,

Èmi bàbá rẹ ni mo kọ lẹ́tà yìí, èmi Olórí Gbogbo Aránwèé pátápátá, Alága Ìgbìmọ̀ Abẹ́rẹ́ àti Òwú, Olùdarí Àgbà fún Ìwé Tó Ti Ya àti Èyí Tó Fẹ́ Ya, tí mo jókòó sórí àga onígi mi, tí mo fi gíláàsì sójú, tí inú mi ò sì dùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ ò fi ojú rẹ rí màbo? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣubú níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa gbé ọ dìde. Kí ó má sì jẹ́ kí etí rẹ di sí ẹni tó bí ọ. Àdúrà kejì yẹn, mo dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, mo fẹ́ kí o kíyè sí i.

Ilé wà bẹ́ẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti ń jò, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa ní òun ń bọ̀ wá wò ó, ó sì ti ń bọ̀ láti oṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wa. Àbúrò rẹ wà. Kò tíì yí padà, ó ṣì ń sín gbogbo èèyàn jẹ, ó ń sín ọ̀gá ilé ìwé jẹ, ó ń sín ewúrẹ́ jẹ, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó jókòó sínú yàrá iṣẹ́ mi, ó ń sín èmi náà jẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà tó kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ohùn rẹ̀ ti nípọn báyìí, ó ti ń jọ tìẹ. Mo kàn ní kí o mọ̀ ni.

Nípa fóònù tí o fi ránṣẹ́. O ní gbogbo ìwé ayé ló wà nínú rẹ̀, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ ìwé wò láti ogójì ọdún. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kankan. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù. Mo ní ta ló wá rán eléyìí, àbí wọ́n kàn kó odindi ayé jọ sínú ike láìrán an? Mo gbọ̀n ọ́n wò lórí tábìlì, torí ìwé tí wọn ò bá rán dáadáa, bí o bá gbọ̀n ọ́n, ojú ìwé rẹ̀ á jábọ́. Kò sí nǹkan tó jábọ́. Mo fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì kí ó lè fara balẹ̀.

Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣí ìwé kan nínú rẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ọmọ mi. Mo jáde, mo lọ pe káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì dúró níwájú fóònù, wọ́n sì jẹ́rìí sókè ketekete pé àwọn mọ̀ mí láti ọjọ́ pípẹ́, pé mò ń jẹun, mò ń sùn, pé àwọn ń gbọ́ bí mo ṣe ń hanrun. Fóònù ò dá wọn lóhùn. Ó ní kí n tọ́ka sí àwọn àwòrán tí ọkọ̀ wà nínú wọn. Mo ní èmi ò wá ra ọkọ̀, ìwé ni mo fẹ́ kà. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ orúkọ ìyá rẹ sí i. Ó ní kò lágbára tó. Mo pa á, mo dojú rẹ̀ dé tábìlì. Obìnrin tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí mo fi ń tẹ ẹ̀yìn ìwé pọ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, nínú àwọn ìwé oníwèé tí mo ń rán, òun ni nǹkan tí kò lẹ́nu wá ń sọ pé kò lágbára tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Ìpè tí o pè mí lọ́jọ́ Ajé ni.

Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí o ti pè kẹ́yìn. Mo ń rán ẹ̀yìn rẹ́jísítà kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà mìíràn lo fi pè, mo ní bóyá àwọn ará ìlú ńlá ń pààrọ̀ nọ́ńbà bí èèyàn ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Ohùn rẹ mọ́ gaara, àfi bíi pé ẹ̀yìn ilé lo wà. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ ẹnì kan tó ń kan ìṣó nítòsí rẹ, gbà gbà, á sinmi, gbà, bí káfíńtà tiwa ṣe ń kàn án gẹ́lẹ́. Mo ní ayé mà ti lajú o, káfíńtà ibí àti ti ìlú ńlá ti ń kan ìṣó bákan náà.

O ní kí n ta àpótí ìwé. O ní ta ló tún ń ka bébà láyé ìsinsìnyí, pé kí n pe ẹni tó ń ra bébà àtijọ́, kí ó wá kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n lè fi yàrá tí àpótí náà wà háyà. Mo ní ó dáa, ọmọ mi. Mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ìpè já.

Ẹni tó ń ra bébà dé lọ́jọ́ Ajé yẹn náà, kí òòrùn tó lọ sókè. O mọ̀ ọ́n, Wọ̀nọ́nwò là ń pè é, torí ohunkóhun tí o bá sọ fún un, á ní kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò. Ìwé mọ́kànléláàádọ́ta ló wà nínú àpótí, gbogbo wọn ni àwọn èèyàn gbé wá fún mi kí n rán tí wọn ò padà wá gbà mọ́, àwọn kan kú, àwọn kan kó lọ, àwọn kan kàn gbàgbé pé àwọn ti kàwé rí. Ó fi okùn dì wọ́n, ó gbé wọn kọ́ sórí òṣùwọ̀n, ó ní kílò méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò ṣí ẹyọ kan wò, ó kó wọn lọ sílé rẹ̀ tàpótí tàpótí. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù á wá kó wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lọ síbi tí wọ́n ti ń rẹ bébà sómi, wọ́n á gún un di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, wọ́n á sì fi ṣe kíréètì ẹyin.

Ẹyin, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ máa ń sọ fún mi bí mo bá ń rán rẹ́jísítà rẹ̀. Ó ní amọ̀ ni àwọn kan fi ṣe ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi igi fín ọ̀rọ̀ sí i lára nígbà tó bá ṣì rọ̀. Ogun dé, wọ́n dáná sun ilé tí wọ́n kó ìwé sí, iná yan amọ̀ yẹn, ó wá le sí i, àwọn kan ṣì ń kà á títí dòní. Gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú fóònù rẹ. Ó ní lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ ẹran ṣe é, odindi agbo ẹran lè lọ sórí ìwé kan ṣoṣo, ẹnì kan á jókòó nínú òtútù, á máa fi ọwọ́ dà á kọ fún oṣù àti oṣù, nígbà tó bá sì parí á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọwọ́ ń ro òun, kí ẹni tó bá kà á rántí òun ládùúrà. Ó ní wọ́n máa ń fi ẹ̀wọ̀n so ìwé mọ́ pákó nígbà kan, bí wọ́n ṣe ń so ajá, kí olè má bàa gbé e. Mo bi í pé ta ló máa jí ìwé. Ó ní ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá dé, ìwé wá di ohun tí ọmọ aláìní lè tì bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Gbogbo làálàá yẹn, láti orí amọ̀ títí tó fi dé abẹ́ abẹ́rẹ́ mi, kí adìẹ lè rí ibi kó ẹyin rẹ̀ sí.

O ò ní rántí, o ṣì kéré, ọjọ́ tí ọkùnrin kan gbé bébà wá kí n tẹ̀ka sí i. Ó ní owó pákó òrùlé tí òun yá mi ló wà níbẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rán ìwé, n kò yára kà á. Ìyá rẹ nu ọwọ́, ó gbà á, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, ó ní kò sí pákó níbí, ilé ni wọ́n kọ síbí pé a ti tà. Ọkùnrin náà ò mu omi tí a gbé fún un. Òrùlé tó ń jò sí wa lórí yẹn, ìwé kíkà ló jẹ́ kó ṣì jẹ́ tiwa.

Ìwé búlúù kan wà nínú ohun tí Wọ̀nọ́nwò kó, ìwé ìkàwé ti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ti rán ẹ̀yìn rẹ̀. Eyín rẹ wà ní igun rẹ̀ kan, o gé e jẹ nígbà tí o ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi ìwé ṣe. Òun ni ìyá rẹ fi kọ́ ọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ibi tí ẹ bá dé, á fi pẹ́ńsùlù sàmì kékeré síbẹ̀. Àmì tìẹ lọ títí dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ, ó fi bírò pupa sàmì tirẹ̀ kí ó má bàa dàrú mọ́ tìẹ. Àmì pupa dúró sí ojú ìwé kọkàndínlógún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá yín ò lè jókòó mọ́, kò sì jókòó mọ́ títí a fi sin ín. Ìyẹn náà wà nínú fóònù? Bá mi wá a. Mo ti jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, bóyá ìwọ náà á lè jẹ́rìí

Ó tó.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. N ò lè gbé ohùn Bàámi kọjá ibí yìí. Èmi àbúrò yín ni. Ẹ forí jì mí pé mo ń pè yín ní ìwọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Ti fóònù àti káfíńtà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ìyàwó káfíńtà ṣì ń bínú pé fóònù ò kí òun.

Ẹ sì ti mọ̀, àbí? Ẹ ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí ẹ ti dé ìdajì pé ẹ ò pe ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Ajé. Òótọ́ ni, ẹ ò pè. Èmi ni mo pè, láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, pẹ̀lú fóònù káfíńtà, mo fi ohùn yín sọ̀rọ̀. Eré ni mo pè é. Mo fẹ́ kí Bàámi pariwo. Mo fẹ́ gbọ́ kí wọ́n sọ pé rárá fún yín, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé, torí èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún lójoojúmọ́. Nígbà tí owó ilé ìwé ò kárí àwa méjèèjì, èmi ni wọ́n ní kí n dúró ná. Mo ṣì dúró. Mo ti di ẹ̀rín mọ́nú sílẹ̀ de ariwo wọn, wọ́n wá ní ó dáa, ọmọ mi. Wọ́n ní ṣé ẹ ti jẹun. Mo pa fóònù, torí mi ò mọ bí ẹ ṣe máa ń dáhùn ìyẹn.

Kí n tó yípo dé iwájú ilé, wọ́n ti rán ọmọ sí Wọ̀nọ́nwò. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Wọ́n ní, ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí o. Ojú wọn ń dán. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ni wọ́n ń sọ fún pé ọmọ àwọn pe àwọn láti ìlú ńlá, ẹni tó wá gba rẹ́jísítà rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Alẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń lọ dúró síbi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀. Bàámi ò bínú sí yín rárá. Ìbínú tó wà lókè yìí, tèmi ni, mo kàn yá ẹnu wọn lò. Bí mo bá jẹ́wọ́, ìwé lè padà wálé, ṣùgbọ́n á túmọ̀ sí pé ẹ ò pè wọ́n.

Mo ti lọ bẹ Wọ̀nọ́nwò. Ó ní ọmọ tó wà ní ìlú ńlá ló pàṣẹ, bí òun ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yẹn òun ò tú okùn, kí n máa lọ bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Mo tún gba fóònù káfíńtà láti fi ohùn yín pè é. Ohùn yín ò jáde mọ́. Tèmi ló jáde, mo sì pa fóònù. Ẹ̀yin fúnra yín, mo pè yín lẹ́ẹ̀meje, ó ń dún, ẹ ò gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sórí bébà, mo fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí, Ọjọ́rú.

Ẹ pè wọ́n kí ó tó di Àbámẹ́ta. Bàámi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe Wọ̀nọ́nwò. Ẹ ní ẹ ti tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé rò. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ra káàdì ìpè, kí ìpè náà má bàa já, tọjọ́ Ajé já. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn, kí ẹ sì bi àwọn náà. Mo ti ka ìwé búlúù yẹn tán fúnra mi, ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ẹ bá rò pé torí kíkà ni mo ṣe fẹ́ kó padà. Kò sẹ́ni tó bá mi sàmì ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín nílé. Kí iná má tán nínú fóònù yín. Kí ẹ má dàgbà dé ibi tí ẹ ó ti máa retí ohùn ọmọ yín, tí ọmọ yín mìíràn á wá máa fi ṣeré.

Èmi àbúrò yín, tí àmì rẹ̀ dúró sí ojú ìwé kọkàndínlógún.