A Ti Gbálẹ̀ De Dúróònù

Òkè-Àpáta,
Lẹ́bàá Mọ̀pà.

Fẹ́rànmí ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìrìn, okun òkè tí o ń wò láràárọ̀. Ṣé o wà dáadáa? Ṣé òrùlé yàrá rẹ ní Nyanya kò jò mọ́? Ṣé o ń jẹun kí o tó wọ bọ́ọ̀sì? Ẹni tó ń pa ẹyẹ mọ́ lókè yóò pa ìwọ náà mọ́ nílẹ̀, ohun tí o bá dì kò ní tú, ohun tí o bá so kò ní já, àmín ní orúkọ Jésù. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ alábàwọ́n ti bímọ, abo ni, ọmọ náà sì ti jẹ ìwé orin mi. Páìpù omi tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ kò tíì mú nǹkan kan jáde àfi alángbá. Èmi náà wà, àmọ́ ara mi ò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò yìí, mo ti dìde lọ wo ojú ọ̀run, mo padà, mo tún dìde, ọbẹ̀ sì ti jóná lórí iná nítorí rẹ.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù rẹ kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ mọ́. Kí n tó bi ọ́ léèrè bóyá o sùn dáadáa, o ti ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú, ẹrù ń lọ, Sistá Hadassah ọ̀gá yín ń wo aago. Ó dáa. Ìwé kò ní ọ̀gá. Bí o bá ń jẹun o lè kà á, bí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì o lè kà á, o kò sì ní lè gé mi lẹ́nu.

Ojú bàbá rẹ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ti ọ̀tún ti ṣú pátápátá, ti òsì ló kù, òun náà ń ṣe bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Dókítà tó wá wo ojú àwọn àgbàlagbà ní Mọ̀pà sọ pé nǹkan kan ló bò ó, pé kí a lọ sí ọsibítù ńlá ní Gwagwalada kí wọ́n bá wa ṣí i kúrò. Bàbá rẹ ní àwọn gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní abẹ kì í mojú ẹnìkan, bó bá lọ kùnà, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ṣẹ́kù á bá a lọ, nítorí náà àwọn yóò kọ́kọ́ fi díẹ̀ yìí rí ojú Fẹ́rànmí ná. Mo ní kò burú, kí a pè ọ́ kí o máa bọ̀ nílé. Yéè! Ṣé o mọ bí wọ́n ti ń ṣe tí inú bá bí wọn? Wọ́n ju ọ̀pá nù, wọ́n ní o kò gbọ́dọ̀ gba ojú títì yẹn, pé ṣé mo ti gbàgbé mọ́tò àwọn ará ìlú wa tí àwọn ajínigbé dá dúró, tí wọ́n kó èrò inú rẹ̀ wọ igbó. Wọ́n ní kàkà kí o kó sí wọn lọ́wọ́, kí àwọn kúkú fọ́ lójú. Ìyẹn ni wàhálà tí mo wà nínú rẹ̀, ọkùnrin tó fẹ́ rí ọ, tí kò sì fẹ́ kí o wá.

Ìgbà tí mo ń rò ó títí ni mo rántí iṣẹ́ rẹ ní Utako, ní Abuja níbẹ̀. Ìwọ náà lo ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. O ní àwọn ènìyàn á dúró sílé wọn, wọn á ra ọjà lórí fóònù, ẹ̀yin á yára mú un lórí pẹpẹ, ẹ ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ ó dì í sínú páálí tó fúyẹ́, ẹ ó wò ó kó má fì sápá kan, ẹ ó fi sẹ́lótéèpù dí i, ẹ ó lẹ ilà mọ́ ọn lára, ẹ ó sì so ó mọ́ dúróònù, ẹ̀rọ tó ń fò bí ẹyẹ. Ó di fìrì! Kí ẹni tó rà á tó wọ bàtà tán, dúróònù ti fi okùn rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo ní ayé mà le o, ohun tí kì í dúró rárá ni wọ́n sọ ní dúróònù! Mo bi ọ́ bóyá ajínigbé lè dá a dúró lọ́nà, o rẹ́rìn-ín, o ní ta ni yóò dá a dúró lójú ọ̀run. Fẹ́rànmí, ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Mo sáré lọ bá bàbá rẹ, mo rò ó fún wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ní ṣebí ẹrù àwọn ẹlòmíràn ni o ń dì láti àárọ̀ dé alẹ́, kí o di ara rẹ wá.

Bí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Àpáta pẹrẹsẹ ẹ̀yìn ilé tí a ń sá pákí sí, mo gbá a, mo fọ̀ ọ́, mo fún Sàídátù tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní pákí rẹ̀ pé kó lọ sá a sórí páànù tirẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n tú okùn aṣọ kúrò kó má baà kọ́ ọ lọ́rùn bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Mo so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì tèmi tẹ́ sórí àpáta náà, nítorí okùn ni, okùn sì lè já. Mo sì fi àkísà tuntun ká òṣùká kan tó dúró dáadáa, ohun tó bá ru odidi ènìyàn láti Abuja wá, orí á ti máa ro ó. Ti dírẹ́bà rẹ̀ ni mi ò mọ̀, o kò sọ fún mi bóyá ó ń jẹ iyán, mo kàn se iṣu sílẹ̀ ni.

A jókòó, a ń wòkè. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa, a ò mọ̀ pé wọ́n ń kí wa. Ọjọ́ kejì, nǹkan kan yọ lókè lóòótọ́, ó na apá, ó ń rá bàbà. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ rí i, àwọn tí wọn kì í rí ṣíbí nínú abọ́! Wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ké tantan pé Fẹ́rànmí, káàbọ̀ o, rọra o, mátírẹ́ẹ̀sì wà nílẹ̀ o. Àṣá ni. Ó já wálẹ̀, ó gbé ọmọ adìyẹ wa kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá rẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, wọ́n ń bi mí pé ṣé o ti sọ̀, wọ́n ń bi mí pé èwo ni adìyẹ ń ké sí. Mo ní o gbàgbé nǹkan ni, o padà lọ mú un.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Àbdùlsàmàd, dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Abuja, gbé páálí oògùn ojú tí o fi rán an dé. Inú wa dùn, a ní ẹrù ló ṣáájú, ẹlẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá rẹ fọwọ́ pa á yípo, wọ́n ní kí n sọ ohun tó wà lára rẹ̀ fún àwọn, mo ní ilà ni, ilà dúdú lóròòró. Wọ́n ní ilà wo? Mo kà á fún wọn, tín-ín-rín, tín-ín-rín, fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tín-ín-rín. Wọ́n mirí, wọ́n ní kì í ṣe pélé, kì í ṣe àbàjà, ìdílé tó bá kọ irú èyí sí ọmọ lára kò lójú àánú. Sàídátù aládùúgbò wa náà, tó ń ta oògùn ní Mọ̀pà, bá wa dá sí i, ó ní ilà yẹn ni ẹ̀rọ fi ń dá ẹrù mọ̀, kó má baà gbé e fún ẹni tí kò ni ín. Ìyẹn tún wá da bàbá rẹ lọ́kàn rú. A ò kọlà fún ọ, báwo ni dúróònù yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ wa ni ọ́, kó má lọ sọ̀ ọ́ sílé onílé ní Kàbà? Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé kí o fi àpá iwájú orí rẹ hàn án, èyí tí o gbà nídìí ààrò nígbà tí o ń kọ́ ìrìn.

Oògùn náà ńkọ́? Mo mà lo gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọ̀rá tí o tẹ́ sínú páálí, tó ní ìléròrò kéékèèké yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀kán kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n la ojú, mo gbé e sókè ojú wọn, mo fi eyín bẹ́ ẹ, ó dún pàà! Mi ò rí omi. Mo bẹ́ òmíràn. A bẹ́ gbogbo rẹ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá rẹ ní omi rẹ̀ ti gbẹ lọ́nà, àmọ́ atẹ́gùn inú rẹ̀ tu àwọn lójú. Mo ti fẹ́ fi páálí dáná kí Sàídátù tó yọ ìgò oògùn ní ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Òun náà ló wá rí mátírẹ́ẹ̀sì lórí àpáta, tó bi mí, tí mo sì sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rọra sọ fún mi pé dúróònù kì í gbé ènìyàn, pé àárín ìlú ló mọ, kò lè dé ọ̀dọ̀ wa, àti pé eléyìí tí ẹ̀yin ń lò kò lè gbé ju kílò méjì lọ. Mo bínú sí i. Mo ní ẹnu rẹ̀ kò dáa. Kílò méjì! Ẹsẹ̀ rẹ kan ṣoṣo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó lọ tán ni mo wá mú àwòrán rẹ, mo rí egungun ọrùn rẹ tó yọ síta, àyà mi sì là gààrà, àṣé o ń dín ara rẹ kù kó lè gbé ọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, jáwọ́. Jẹ ẹ̀bà. Jẹ ẹran sí i.

Mo sọ fún bàbá rẹ. Wọ́n ń fi ọ̀pá kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé kílò mélòó ni nọ́ọ̀sì pè ọ́ lọ́jọ́ tí mo bí ọ.

Fẹ́rànmí, o kò pé oṣù. O kò tó kílò méjì. Nọ́ọ̀sì gbé ọ sórí òṣùwọ̀n, ó wò ó, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí a máa gbé ọ lọ sílé. Bàbá rẹ bọ́ bùbá ọrùn wọn, wọ́n to òwú sí i, wọ́n fi wé ọ, wọ́n gbé ọ lé mi láyà, wọ́n ní kí n má ṣe sáré. Wọ́n ń lọ níwájú mi, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ewéko sápá kan kí ó má baà kàn ọ́, títí a fi dé ilé. Ìdì ọjọ́ yẹn kò tú, okùn rẹ̀ kò já. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí dúróònù ì bá fi lè gbé ọ nìyẹn, a ò sì ní dúróònù, àwa méjèèjì la wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ wá ní àwa tí a gbé ọ nígbà tí o fúyẹ́, kí ló ní kí a má tọ̀ ọ́ lọ nígbà tí o wúwo? Mo ní ojú ọ̀nà ńkọ́. Wọ́n ní ajínigbé wo ni yóò jí arúgbó méjì, kó wá máa sìnrú wá ẹ̀kọ gbígbóná àti oògùn ojú nínú igbó, wọ́n ní àwọn ajínigbé gan-an ló máa sanwó kí á lè kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti dìde lọ wo ojú ọ̀nà báyìí dípò ojú ọ̀run.

Ọjọ́ Túsìdeè ni mọ́tò Àbdùlsàmàd yóò gbé wa, Utako ló ń já èrò sí, láti ibẹ̀ ni kí o mú wa lọ sí Gwagwalada. Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí i, kí o fi ti ìpápánu lé e, ebi máa ń pa bàbá rẹ bí mọ́tò bá ti gbéra. Kí a má baà sọnù, mo ti gé páálí rẹ, mo kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ sí i, mo rán an mọ́ àyà aṣọ wọn àti tèmi, mo sì fa ilà díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bá mi sọ fún Sistá Hadassah pé ẹrù kan ń bọ̀ tí kò lè yára, kó jọ̀wọ́ rẹ fún wa lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ wa lọ́nà, ọwọ́ dókítà kò ní gbọ̀n. Bí o bá ti gbọ́ pé mọ́tò dé, má dúró lábẹ́ ibòji. Jáde sí gbangba, sínú oòrùn, gbé ojú rẹ sókè, kí o jẹ́ kí wọ́n wò ọ́ títí yóò fi tó wọn. Má wo aago. Dúróònù ni kì í dúró, ìwọ dúró dè wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dọ́káàsì Iredélé