Àpáta Tó Gba Ẹjọ́ Wa Là

Ọjọ́bọ̀, Ọ̀wọ̀

Kóòtù Ọ̀wọ̀ máa gbọ́ ẹjọ́ Màmá Títí! Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Èmi ni lọ́yà wọn, èmi ni mo dúró fún wọn láàárọ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan ló pe Màmá pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù wọn fún òun. Bó ṣe gba Wasáàpù wọn nìyẹn, tó ń fi orúkọ wọn lu ẹbí wọn ní jìbìtì. Lọ́yà ọmọ náà sọ pé Èkó ló ti pè, pé kóòtù wa ò láṣẹ lórí ẹ̀. Ó tún ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ìmẹ̀rí tí Màmá ń gbé, pé Màmá ò lè gba ìpè kankan nílé.

Àlejò! Ṣé kò mọ̀ pé orí àpáta ni wọ́n ń gùn lọ pè ni? Àfi kéèyàn pariwo níbẹ̀.

Mo bi Màmá pé, “Níbo lẹ ti ka nọ́ńbà yẹn, mà?”

“Orí àpáta ni, ọmọ mi. Mo ké e débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń bá mi kà á!”

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Aládùúgbò wọn jẹ́rìí sí i. Adájọ́ ní ibi tí ẹ̀tàn ti mú Màmá, ibẹ̀ náà ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀, torí náà kóòtù wa láṣẹ lórí ọmọ náà.

Ẹjọ́ gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n…

Nígbà tá a jáde, Màmá pe àwọn ará ilé tó ń retí wọn lórí àpáta. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ̀wọ̀ dáa o, síbẹ̀ wọ́n wá òkúta kan gùn, wọ́n ké tantan: “Wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ wa!”

Lọ́yà ọmọ náà ń wọ mọ́tò ẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa.