Rédíò Tó Wúwo Jù Ni Mo Rà

Atakpamé, 1984

Ìyá Múítì mi,

Èmi tí mo ru kọfí láti àdúgbò Agbonou títí orí mi fi pá, tí mo jẹ gààrí gbígbẹ fún ọdún mẹ́ta kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé èmi ni olùkọ́ kan yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra ọjà?

O ní o ti ń gbàgbé ohùn mi láti ọdún mẹ́fà tí mo ti kúrò nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra rédíò àfọwọ́mú méjì tí èèyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí mo fi ọ̀kan rán awakọ̀ sí ọ ní Ṣakí, kí ohùn wa lè máa gba ojú sátẹ́láìtì, irin tí òyìnbó jù sójú ọ̀run. Mo gbé gbogbo àwọn olówó pọ́ọ́kú wò lọ́wọ́ bí ẹni ń yan iṣu. Èyí tó wúwo jù ni mo mú.

Ignace, olùkọ́ tó ń fi rédíò tirẹ̀ gbọ́ sátẹ́láìtì lórí òkè, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, láti ilé dé ilé kejì ni èyí mọ. Kò lè gbọ́ ojú ọ̀run."

"Ìwọ tí o ò ní kẹ̀kẹ́!" ni mo fi dá a lóhùn.

Tirẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. A gbé méjèèjì gun òkè; tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, tèmi sì ń hó ṣáá bí epo gbígbóná. Irin ojú ọ̀run náà ò mọ èèyàn ńlá ni.

Ara mi le, ọjà ń tà. Bá mi kí Múítì àti gbogbo ilé.

Má ju rédíò náà nù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé tèmi wọkọ̀ wá fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn ọ́. Ìwọ á wà ní yàrá, èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá sì gbọ́ mi ketekete.