Mo Ti Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Sátidé, 12 Oṣù Keje 2025

Ẹnìkan tún ti dé o. Glory lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ọmọ Òmùò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré. Tísà — Bàbá Ọlálérè, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní eré sísá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì — ló fà á lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọmọlará, ìwọ ni àgbà obìnrin inú ẹgbẹ́, ìwọ ni ẹnikejì rẹ̀." Àgbà obìnrin! Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Ó bi mí léèrè ohun tí Ẹgbẹ́ Wẹ̀-Gùn-Sá ń ṣe gan-an. Mo ní bí orúkọ ṣe wí náà ni. A ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí wọ́n sé lọ́nà Ìsẹ̀, a ń gun kẹ̀kẹ́ dé Emùré ká tó padà, a wá ń sáré yípo ẹsẹ̀ àpáta Olósùnta. Ó ní ṣé lọ́jọ́ kan náà? Mo ní lọ́jọ́ kan náà ni. Mo rò pé yóò sá lọ. Kò sá.

Mo kọ́ ọ ní òfin kẹ́ẹ̀gì. Kò sẹ́ni tó ń wọ omi láìso kẹ́ẹ̀gì epo òfìfo mọ́ ìbàdí, kó lè rí nǹkan dì mú bó bá rẹ̀ ẹ́. Kò sì sẹ́ni tó ń yẹ tara rẹ̀ wò. Ẹnikejì rẹ ni yóò fi ọ̀rá bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì bí àwọn elépo ṣe ń ṣe, kó lọ́ ìdérí lé e, kó so okùn, kó wá sọ ọ́ síta gbangba pé, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ìwọ á dáhùn pé, "Mo gbọ́." Ìgbà náà lo tó lè tẹ omi. Ẹni tó bá tún fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ìdérí wò ti pe ẹnikejì rẹ̀ ní onírọ́ nìyẹn.

Mo yẹ tiẹ̀ wò. Ó wọ omi.

Ẹja ni! Mo rò pé mò ń wá kọ́ èèyàn ni. Láti òní lọ, Ẹja ni mo ń pè é nínú ìwé yìí.


Mọ́ńdè, 14 Oṣù Keje

Gbogbo ara ń ro mí. Kì í ṣe eré ló fà á.


Sátidé, 19 Oṣù Keje

Kẹ̀kẹ́ tó yá ló gùn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́kẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù! Ìgòkè tó kù díẹ̀ ká dé Emùré, ibi tí gbogbo wọn ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í, tí èmi nìkan kì í sọ̀ — ibẹ̀ ló ti kọjá lára mi. "Ẹ rọra o, anti mi!" Ó tún kí mi. Ó tẹ orí ba kí mi lórí kẹ̀kẹ́ lójú ìgòkè. Ìbá kúkú bú mi.

Tísà ní ká lọ jẹ uṣu ká sùn. Gbogbo ìṣòro ayé, uṣu ni oògùn rẹ̀ lọ́dọ̀ Tísà.


Wẹ́sìdeè, 23 Oṣù Keje

Dúrósinmí ọkọ mi wá mú mi lẹ́sẹ̀ Olósùnta nírọ̀lẹ́. Ó rí Ẹja. Ó ní, "Ọmọ yẹn mà ń sáré o! Àfi bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀." Nígbà tá a délé mo gbé uṣu síwájú rẹ̀, uṣu àti ata. Ó ní ẹja dà? Mo ní ẹja wà lẹ́sẹ̀ Olósùnta, ó ń sáré. Kò yé e. Ó jẹ uṣu rẹ̀.


Sátidé, 2 Oṣù Kẹjọ

Ìwé ti dé láti Adó. Ìdíje ńlá, ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀. Obìnrin kan ṣoṣo láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni Tísà máa yan tiwa.

Èmi ni mo lọ lọ́dún tó kọjá. Ipò kẹsàn-án nínú mẹ́rìnlá. Mo mọ ibi tí mo ti pàdánù: mo pẹ́ jù nínú omi. Gbogbo ọdún ni mo fi tún un ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A-B-D, mo ti wà lódò. Èmi tí mi ò lè tẹ ojú bọ inú bókẹ́ẹ̀tì lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn! Lọ́dún tó ń bọ̀ mo di ogójì, wọ́n á kó mi sáàárín àwọn ìyá, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún wa pé a gbìyànjú. Ọdún yìí ni tèmi. Mi ò ní òmíràn.

Lójú ibẹ̀ ni Ẹja ti kọjú sí mi, tó ní, "Anti mi, ẹ̀yin náà lẹ máa tún lọ." Ta ló bi í?


Sátidé, 9 Oṣù Kẹjọ

Tísà mú aago wọn wá. Ẹja fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Iṣan ẹsẹ̀ mi fà lẹ́yìn eré. Ta ló sáré wá? Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó ń fi ọwọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ fà á. Ó sì tù mí. Mo kórìíra pé ó tù mí. Mojísọ́lá, ẹlẹ́nu mímú inú ẹgbẹ́ wa, dúró lókè orí mi, ó ní, "Ìyá ẹgbẹ́, ẹ ti rí ọmọ tó máa tọ́jú yín lọ́jọ́ ogbó." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.


Tọ́sìdeè, 14 Oṣù Kẹjọ

Òjò. Mo sáré nínú rẹ̀. Èmi nìkan. Àbí mo rò bẹ́ẹ̀ — mo yí ẹsẹ̀ àpáta, mo bá Ẹja níwájú, ó ti tutù rin. "Ẹ kú òjò o, anti mi." Olúwa, ibo ni kí n gbà?


Sátidé, 23 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwé yìí nìkan ló máa gbọ́.

Mo ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì Ẹja. Ọ̀rá tí mo fẹ́ fi bo ẹnu rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mi ò wá òmíràn. Mo lọ́ ìdérí lásán lé e, kò sì bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀, ó dagun. Mo rí i. Ó yẹ kí n tú u kí n tún un lọ́. Tísà wà lẹ́yìn wa nígbà náà, wọ́n ń sọ fún ẹnìkan pé àfi bí nǹkan bá ṣe Glory nìkan ni àwọn ò ní mú un lọ Adó.

Mo so okùn. Mo la ẹnu mi yìí. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ní, "Mo gbọ́ yín, anti mi."

Ó lọ. Nígbà tí omi dé àyà rẹ̀ ó dúró díẹ̀, ó kẹ́yìn sí wa, mo rò pé fìlà omi rẹ̀ ló ń tún dé. Àárín odò yẹn, òpó iná méjì kò lè kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo dúró létí omi. Mo ní kí n pariwo pé kó padà. Mi ò pariwo. Mojísọ́lá ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Mo ń wo kẹ́ẹ̀gì yẹn. Kò rì. Ó lọ, ó bọ̀, kẹ́ẹ̀gì ń léfòó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ mo jókòó sínú koríko, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn náà ni Tísà ka ìṣẹ́jú rẹ̀, tó tún dín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi sì tún bàjẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni! Ẹ̀mí èṣù wo nìyí?


Sọ́ńdè, 24 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa dé ọ̀dọ̀ mi. Mo jẹ́ kó kọjá. Dúrósinmí wò mí.


Mọ́ńdè, 25 Oṣù Kẹjọ

Ẹnikejì ló ń fọ kẹ́ẹ̀gì. Ti Ẹja wà nílé wa láti ìjẹta. Mo ní kí n fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí.

Ìdérí kò ṣí. Ó le pinpin. Mo fi aṣọ dì í mú kó tó yí. Ọ̀rá wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá dúdú.

Ọ̀rá omi funfun la máa ń lò, gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń wé ọ̀rá dúdú mọ́ irun kó tó dé fìlà omi.

Ó mọ̀.


Túsìdeè, 26 Oṣù Kẹjọ

Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló ń dúró dè?


Fúráìdeè, 29 Oṣù Kẹjọ

Mo pàdé rẹ̀ lọ́jà. "Ẹ kú ọjà o, anti mi." Bákan náà ló ṣe kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Mo yẹ ojú rẹ̀ wò fínnífínní, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ata tí mo rà, mo gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì aláta.


Sátidé, 30 Oṣù Kẹjọ

Glory ni. Tísà pe orúkọ rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí. À-ń-jù-wọ́n kò ṣeé wí lẹ́jọ́, ìjà ìlara kò tán bọ̀rọ̀. Màmá mi ló máa ń pa òwe yìí fún àwọn orogún wọn. Èmi ló wá ń ṣẹ mọ́ lára yìí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tísà ní ta ni yóò ṣe ẹnikejì rẹ̀ ní Adó. Mojísọ́lá ti nawọ́ sókè kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Glory ní, "Anti mi ni. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Mo ní mo fẹ́ mu omi.


Tọ́sìdeè, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí ulé rẹ̀ lọ́sàn-án, yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Mo gbé ọ̀rá dúdú yẹn sórí àga láàárín wa. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀.

Ó ní nígbà tí omi dé àyà òun ni òun gbọ́ tí kẹ́ẹ̀gì ń mí, tí afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun fọwọ́ kàn án, òun mọ̀. Òun yọ ọ̀rá orí òun, òun fi bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, òun tún ìdérí rẹ̀ lọ́. Ó ní, "Àwa méjèèjì la rú òfin lọ́jọ́ yẹn: ẹ̀yin pa irọ́, èmi náà yẹ tara mi wò."

Mo ní ṣé ìwọ̀nyẹn dọ́gba?

Mo ní kí ló dé tí o kò sọ. Ó ní òun ń dúró kí n wá ni. Ó ní òun ti bínú o, òun sunkún lọ́jọ́ náà, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù padà s'Ómùò. Ó wá ní bí òun bá sọ, Tísà á lé mi, ta ni òun á wá máa lé lójú ìgòkè Emùré? Èmi ni òun ń lé láti ọjọ́ kìíní. Èmi!

Mo ní kí ló dé tó wá jẹ́ pé èmi lo tún yàn. Ó wò mí. "Anti mi, ta ló máa wo ìdérí yẹn dáadáa jù yín lọ báyìí?"

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́tàlá jù lọ. Ó sáré fà mí dìde, ó ní kí n má fi èpè sí òun lára. Mo sunkún dé ilé. Ìtìjú wà nínú ẹkún náà, àmọ́ kí n má purọ́ fún ìwé mi, owú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó borí mi nínú omi, ó borí mi lórí kẹ̀kẹ́, ó tún wá ní ìwà jù mí lọ.


Fúráìdeè, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Tísà. Gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wọ odò pẹ̀lú ẹgbẹ́ mọ́ títí ọdún yìí yóò fi parí. Mo ní mo gbà. Mo ní lọ́la ńkọ́. Wọ́n ní ọ̀la kò sí lọ́wọ́ àwọn, ẹni tó ni ẹ̀mí rẹ̀ ló yàn mí. Wọn ò ní kí n jẹ uṣu.


Sátidé, 6 Oṣù Kẹsàn-án

A ti dé láti Adó. Ipò kejì ni Glory gbé. Nígbà tí wọ́n kọ́ mẹ́dàlì sí i lọ́rùn, mo jowú rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò mọ ọjọ́ tó máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ rèé. Láàárọ̀, mo fi ọ̀rá funfun méjì bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Mo lọ́ ìdérí, mo tú u, mo tún un lọ́. Mo dojú rẹ̀ dé, mo fi apá fún un, mo gbé etí lé e. Kò mí. Mo so okùn. Tísà dúró lẹ́yìn.

Mo ní, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ní, "Mo gbọ́ yín, anti mi."

Ó wọ omi. Orúnkún. Ìbàdí. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mi ò wo nǹkan mìíràn. Omi dé àyà rẹ̀. Ó nawọ́ síwájú, ó lọ. Kò fọwọ́ kan ìdérí.