Ẹ Dá Igi Àgbálùmọ̀ Àlájì Ṣùkúrù Sí

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Etí Odò,
Àgbóyì, lẹ́yìn Kétu,
Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Ìtọ́jú Igi Àdúgbò,
Ìkòsì, Kòsọ́fẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YÍ ÀṢẸ PADÀ LÓRÍ IGI ÀGBÁLÙMỌ̀ OJÚLÉ KẸẸ̀Ẹ́DÓGÚN, ÒPÓPÓNÀ ETÍ ODÒ

1. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, tí mo fi ẹjọ́ igi aládùúgbò mi sùn yín. Èmi náà ni mo tún ń kọ èyí pé kí ẹ má gé e. Ó lè jọ ẹni pé arúgbó ti ń ṣarán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, mi ò sì rí lẹ́tà kan rí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé. Ìdí nìyí tí mo fi rán òmíràn tẹ̀lé e.

2. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó mi, Martha, ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi tí a fi ń ré kọjá sí Kétu mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Ìfẹ́olúwa, ń ka ìròyìn Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn, èyí tí a kò lè rí níhìn-ín àfi pẹ̀lú díìṣì orí òrùlé. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù, Martha á ti wẹ̀, á ti wé gèlè, á sì jókòó de ọmọ rẹ̀. Bí Ìfẹ́olúwa bá ti kí àwọn òǹwòran kú ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á dá a lóhùn. Á wò ó bóyá ó rù tàbí ó sanra, á sì ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni pé èmi kò sí nínú yàrá.

3. Láti oṣù Kejìlá ni àwòrán ti ń já. Nígbà tó di oṣù Kejì, kò wọlé mọ́ rárá. Sherifdeen, tó ń tún díìṣì ṣe ní Kétu, gbé àkàbà wọ ọkọ̀ ojú omi wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé díìṣì náà káàkiri òrùlé, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè kọjú sí, àti pé ẹ̀ka méjì lára igi àgbálùmọ̀ ojúlé kẹẹ̀ẹ́dógún ló dí i. Ẹ lè bi mí pé fóònù ńkọ́. Ojú Martha kò ríran lórí fóònù mọ́, nẹ́tíwọ̀kì etí odò wa sì máa ń wá nígbà tó bá wù ú.

4. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Àlájì Ṣùkúrù tó ni igi náà kú ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kìíní. Ìyàwó rẹ̀, Àlájà Ajarat, wà nínú opó. Kò yẹ kí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí wọlé tọ̀ ọ́ láàárín oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn rẹ̀ là sílẹ̀ fún opó, ká má tilẹ̀ wá sọ pé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo hù tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò kí n kan ilẹ̀kùn opó. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, mo sì kọ ọ́ pé kí ẹ "mú igi náà kúrò". Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, òṣìṣẹ́ yín fi òdà pupa kun ìdí igi náà, ó sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, ni ẹ ó gé e lulẹ̀. Ojú fèrèsé ni Àlájà ti ń wò ó.

5. Ọjọ́ kejì tó jáde opó, ó wá sí ilé wa. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ó jókòó ti Martha, ó ní, "Ìyá Ìfẹ́, ṣé pé ẹ ò rí ọmọ yín mọ́ ni?" Ó wá sọ fún wa pé láti ọdún mẹ́sàn-án tí Ìfẹ́olúwa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ òun ló ń gun igi náà lọ́dọọdún, tí èso bá ti tán, tó ń gé ẹ̀ka méjì yẹn nítorí díìṣì wa. Ní ọdún tó kọjá, àìsàn kò jẹ́ kó lè gùn ún. Lórí ibùsùn àìsàn náà, ó ṣì ń bi òun pé ta ni yóò bá Ìyá Ìfẹ́ la ọ̀nà. Kò sọ fún wa rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Èmi máa ń rí i lórí igi, màá kí i kú iṣẹ́, màá sì wọlé lọ wo ọmọ mi. Mo sunkún lójú àwọn obìnrin méjèèjì, mi ò tijú.

6. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹ dá gígé igi náà dúró, kí ẹ sì rán ẹni tó máa pa òdà pupa náà rẹ́. Àlájà ní òun kò fẹ́ máa rí i bí òun bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Mo tún bẹ̀ yín fún ìwé àṣẹ ní orúkọ mi, tí màá fi máa gé ẹ̀ka méjì náà lọ́dọọdún. Àlájà ti fọwọ́ sí i. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kì í gun igi, ṣùgbọ́n Sherifdeen ti gbà láti bá mi gùn ún, èmi á dúró nísàlẹ̀, màá máa nàka.

7. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, akọ̀wé yín sọ fún mi pé ohun méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù yín: kí ẹ gé igi pátápátá, tàbí kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo gbàgbọ́ pé ọwọ́ yín lè kọ ẹ̀kẹta sí i. Bí kò bá wá ṣeé ṣe, mo ti bi Martha kí n tó mú kálámù. Ó ní kí n kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Ẹ fi igi náà sílẹ̀. Ọmọ tèmi wà láàyè, yóò wá. Àlájì ò lè padà wá gbin òmíràn."

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà mi ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Levi Tòkunbọ̀,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo fọwọ́ sí ohun tí Bàbá Ìfẹ́ kọ yìí:
Àlájà Ajarat Ṣùkúrù, Ojúlé Kẹẹ̀ẹ́dógún.